Láti Moscow dé Ìjẹ̀gùn: Ìtàn Géèmù Bíríkì Tó Wà Nínú Ilé Wa

Nínú àpótí abẹ́ máṣíìnì ìránṣọ màmá mi, níbi tí wọ́n ń kó òwú, bọ́tìnì àti abẹ́rẹ́ sí, ohun kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ti iṣẹ́ aránṣọ. Géèmù kékeré kan ni, aláwọ̀ eérú, tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Wọ́n kọ "Brick Game" sí i lójú, ṣùgbọ́n lẹ́tà méjì ti pa rẹ́ níbẹ̀. Rọ́bà ni wọ́n fi de ẹ̀yìn rẹ̀ kí bátìrì má baà jábọ́. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé a kò gbọ́dọ̀ fi ṣeré. Bí ẹnikẹ́ni nínú àwa ọmọ bá mú un, màmá á ní, "Dá a padà síbi tí o ti mú un."

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń yà mí lẹ́nu, nítorí màmá mi kò fẹ́ràn géèmù rárá. Bí wọ́n bá rí fóònù lọ́wọ́ mi lẹ́yìn agogo mẹ́jọ alẹ́, ìjà ni. Wọ́n gbà pé géèmù ló ń ba ọmọ ìwòyí jẹ́. Kí ló wá dé tí ẹni tó kórìíra géèmù fi ń tọ́jú géèmù bí ẹni ń tọ́jú góòlù? Nígbà tí olùkọ́ wa sọ pé kí a kọ àròkọ lórí ìtàn ohun kan tó wà nínú ilé wa, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn nìyẹn. Mo bi màmá mi léèrè. Mo bi àbúrò wọn ọkùnrin, tí à ń pè ní Bùrọ̀dá Kékeré. Mo sì wá ìtàn géèmù náà kà. Ohun tí mo rí ni mo kọ sílẹ̀ yìí.

Fún ẹni tí kò bá mọ géèmù náà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń gbá a. Ojú rẹ̀ pín sí àpótí kéékèèké, 10 ní ìbú, 20 ní òòró. Láti òkè ni bíríkì ti ń bọ̀ nílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àpótí mẹ́rin mẹ́rin ló para pọ̀ di bíríkì kọ̀ọ̀kan, oríṣi méje péré ni wọ́n sì jẹ́. Ọ̀kan gùn gbọọrọ bí ọ̀pá, ọ̀kan dọ́gba ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, méjì tẹ̀ bí ẹ̀rúkọ́, méjì rí bí àtẹ̀gùn ilé, èyí tó kù sì yọ ìdodo láàárín. Ẹni tó ń gbá géèmù lè yí bíríkì, ó lè tì í sọ́tùn-ún tàbí sósì, ṣùgbọ́n kò lè dá a padà sókè. Bí ìlà kan bá kún láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì láìsí àlàfo, ìlà náà á parẹ́, àyè á sì tún ṣí sílẹ̀. Bí àlàfo bá pọ̀, bíríkì á máa ga sí i títí á fi kan òkè, géèmù parí nìyẹn. Bí ó bá sì ṣe ń pẹ́ sí i ni bíríkì ń yára sí i.

Gbogbo rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ọba níbẹ̀, kò sí ogun, kò sí mọ́tò tó ń sáré, kò sì sí ọ̀rọ̀ kankan láti kà. Síbẹ̀, òun ni ọ̀kan lára àwọn géèmù tí wọ́n tíì rà jù lọ láyé. Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn nìyí: kí ló wà nínú bíríkì tó ń jábọ́ tí ó fi fa àgbà àti ọmọdé mọ́ra ní gbogbo ilẹ̀, títí tó fi dé Ìjẹ̀gùn níjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́?

Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀

Orúkọ géèmù náà gan-an ni Tetris. Alexey Pajitnov ló ṣe é ní ìlú Moscow lọ́dún 1984, nígbà tí Rọ́ṣíà ṣì wà lára Soviet Union. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni Pajitnov, ní ibùdó kọ̀ǹpútà kan tó jẹ́ ti Àkádẹ́mì Sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ náà. Lára iṣẹ́ tó ń ṣe ni bí kọ̀ǹpútà ṣe lè máa dá ohùn ènìyàn mọ̀. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn eré tó ń jẹ́ kí èèyàn ronú. Ọ̀kan wà lára wọn tí wọ́n ń pè ní pentomino. Ègé méjìlá ni wọ́n, àpótí márùn-ún márùn-ún ló wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ ẹni tó ń ṣe é sì ni pé kó tò wọ́n sójú kan láìsí àlàfo. Pajitnov ronú pé kí òun gbé irú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n márùn-ún pọ̀ jù, ó sì dín in kù sí mẹ́rin. Ó mú "tetra", ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí mẹ́rin, ó fi kún tẹ́níìsì tó jẹ́ eré ìdárayá tó fẹ́ràn, ó sì pè é ní Tetris.

Kọ̀ǹpútà tó ń lò, Electronika 60, kò lè ya àwòrán. Lẹ́tà, nọ́ńbà àti àmì nìkan ló mọ̀ ọ́n gbé jáde. Àmì àkámọ́ tí a fi ń há ọ̀rọ̀ mọ́ ni Pajitnov fi to bíríkì rẹ̀. Géèmù tó wá yí ayé ká yìí, lórí ẹ̀rọ tí kò lágbára ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kó tó parí iṣẹ́ lórí rẹ̀ gan-an ni òun fúnra rẹ̀ kò ti lè fi í sílẹ̀ mọ́. Ó ń gbá a, ó sì ń díbọ́n bí ẹni pé òun ń tún un ṣe.

Ibi tó bá mi lára mu jù nínú ìtàn yìí ni ti ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kan tó ń jẹ́ Vadim Gerasimov. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà náà. Òun, Pajitnov àti ẹnì kan tó ń jẹ́ Dmitry Pavlovsky ni wọ́n jọ ṣiṣẹ́ láti gbé géèmù náà bọ́ sórí kọ̀ǹpútà IBM, tó lè fi àwọ̀ hàn. Ibẹ̀ ni Tetris ti wá dà bí èyí tí a mọ̀ lónìí. Ọmọ ọdún 16 ni èmi náà. Ní kíláàsì wa, ọmọ mẹ́rin ló ń jókòó ti kọ̀ǹpútà kan. Nígbà tí mo kà nípa Gerasimov, mo dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Mo ti máa ń rò pé ẹni tó bá ti dàgbà, tó sì lówó, ló ń ṣe ohun tí gbogbo ayé ń lò.

Wọn kò ta géèmù náà nígbà tó kọ́kọ́ jáde. Ẹnì kan á dà á kọ sórí dísíkì fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ á dà á kọ fún ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì ní Moscow, títí tó fi dé ilẹ̀ Hungary.

Bó ṣe di ohun òwò

Ní Hungary ni Robert Stein, oníṣòwò kan láti London, ti rí i lọ́dún 1986. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀tọ́ géèmù náà fún àwọn ilé-iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà kí òun pàápàá tó ní ìwé àdéhùn tó múná dóko lọ́wọ́. Pajitnov ní tirẹ̀ ti fi ẹ̀tọ́ lórí géèmù náà sílẹ̀ fún ìjọba fún ọdún 10. Ilé-iṣẹ́ ìjọba kan tó ń jẹ́ Elorg ló ń bójú tó títa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sókè òkun.

Lóṣù Kejì ọdún 1989, ọkùnrin mẹ́ta dé Moscow láàárín àkókò kan náà nítorí géèmù yìí: Stein fúnra rẹ̀, Kevin Maxwell tó jẹ́ ọmọ ọlọ́rọ̀ oníwèé ìròyìn kan ní London, àti Henk Rogers, ọmọ ilẹ̀ Netherlands tó ń gbé ní Japan. Ìwé ìrìnnà arìnrìn-àjò afẹ́ ni Rogers gbà wọlé, kò sì sí ẹni tó pè é. Ó ti rí Tetris níbi ìpàtẹ ọjà kan ní Las Vegas lọ́dún 1988, ó tò sórí ìlà láti gbá a, ó sì tún padà lọ tò. Ó mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ Nintendo ń múra láti gbé ẹ̀rọ géèmù ọlọ́wọ́ kan jáde, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Game Boy. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ àlàyé, Rogers ni Elorg fún ní ẹ̀tọ́ láti gbé Tetris sórí ẹ̀rọ ọlọ́wọ́. Nígbà tó di oṣù Kẹta, Nintendo rí ẹ̀tọ́ gbà fún àwọn ẹ̀rọ géèmù tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n náà.

Ọdún 1989 yẹn ni Game Boy jáde. Rogers ló gba ọ̀gá Nintendo ní Amẹ́ríkà níyànjú pé Tetris ni kí wọ́n fi sínú páálí rẹ̀, nítorí pé tọkùnrin tobìnrin, tọmọdé tàgbà ni yóò fẹ́ ẹ. Ó rí bẹ́ẹ̀. Tetris orí Game Boy tí wọ́n tà tó mílíọ̀nù 35. Lọ́dún 1993, Aleksandr Serebrov, ará Rọ́ṣíà tó máa ń lọ sí òfuurufú, gbé ọ̀kan dání lọ sókè ọ̀run, ó sì gbá a níbẹ̀.

Pajitnov tó ṣe é ńkọ́? Ó kó lọ sí Amẹ́ríkà lọ́dún 1991, ṣùgbọ́n ọdún 1996 ni owó ẹ̀tọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé fún un, nígbà tí òun àti Rogers jọ dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Odindi ọdún 12 ni gbogbo ayé fi ń gbá géèmù tó ṣe kí ó tó rí èrè rẹ̀. Mo fi èyí hàn Bùrọ̀dá Kékeré. Wọ́n ní, "Ó kúkú rí i nígbẹ̀yìn. Ẹlòmíràn kì í rí i rárá."

Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ tiwa

Game Boy kì í ṣe ohun tí ọmọ mẹ̀kúnnù lè rí rà ní Èkó. Ohun tó dé ọ̀dọ̀ tiwa ni àfarawé rẹ̀ láti Ṣáínà, èyí tí wọ́n kọ Brick Game sí lára. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Game Boy. Àwọn tó jẹ́ ọmọdé láàárín ọdún 1990 sí 2010 ní Nàìjíríà mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí ẹ bá dárúkọ rẹ̀ fún òbí tàbí olùkọ́ yín, ẹ ó rí i tí wọ́n á rẹ́rìn-ín.

Bùrọ̀dá Kékeré ló ra èyí tó wà nílé wa, ní ọjà Alábà, nígbà tí wọ́n wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Odindi tááàmù kan ni wọ́n fi tọ́jú owó oúnjẹ ọ̀sán kí wọ́n tó rí i rà. Wọ́n kọ "9999 in 1" sí páálí rẹ̀, wọ́n sì rò pé géèmù 9999 ni àwọn rà. Nígbà tí wọ́n gbá a dé ilẹ̀, wọ́n rí i pé géèmù bíi mélòó kan péré ló wà níbẹ̀, tí wọ́n kàn ń yí eré àti ìpele rẹ̀ padà. Wọ́n ní ọjọ́ yẹn ni àwọn kọ́kọ́ mọ ohun tí ìpolówó ọjà jẹ́.

Síbẹ̀, kò dùn wọ́n. Géèmù náà kò nílò iná mànàmáná, kò nílò tẹlifíṣọ̀n. Bátìrì kéékèèké ló ń lò, wọ́n sì ń pẹ́ nínú rẹ̀. Bí bátìrì bá ti ń kú lọ, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á sá a sóòrùn, á tún gbé géèmù dìde fún ìgbà díẹ̀. Ní alẹ́ tí iná kò bá sí, ìtànṣán òṣùpá tàbí àtùpà ni wọ́n fi ń gbá a, nítorí pé ojú rẹ̀ kò ní iná tirẹ̀. Ní ilé ẹ̀kọ́, àwọn ọ̀rẹ́ wọn á tò yí wọn ká. Ẹni tó bá ti kú á gbé e fún ẹni tó kàn. Olùkọ́ kan gbà á lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ kan lẹ́nu ẹ̀kọ́ ìṣirò. Ìyá màmá mi ni wọ́n lọ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó dá a padà, ẹ̀gba mẹ́fà sì tẹ̀ lé e. Mo kọ èyí sílẹ̀ kí ẹ̀yin òbí má baà rò pé mò ń sọ pé géèmù kò ní ewu. Ó lè jẹ àkókò ọmọ bí ikán ṣe ń jẹ igi. Ẹni tó ṣe é gan-an kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ló wà níbẹ̀?

Àwọn kan lè sọ pé ohun àjèjì ni géèmù. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Kí Pajitnov tó mọ mẹ́rin, àwọn baba wa ti mọ ọ́n. Ọpọ́n ayò ní ihò 12, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin la sì ń kó sínú ihò kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Ẹni tó bá jẹ́ ọ̀ta nínú ayò kò ní láti máa kà á sókè. Ojú ló fi ń wò ó, ọwọ́ á sì ti mọ ibi tó ń lọ. Bí Bùrọ̀dá Kékeré ṣe ń yí bíríkì nìyẹn, kí ó tó dé ìdajì ọ̀nà ni wọ́n ti mọ ibi tó máa wọ̀. Ìrònú tó ń gba ojú àti ọwọ́ ṣiṣẹ́ kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ Yorùbá.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà. Èèyàn méjì ló ń ta ayò, ọ̀kan á borí. Nínú Tetris, ìwọ nìkan ni, o kò sì lè borí. Bó ti wù kí o mọ̀ ọ́n tó, bíríkì á yára títí yóò fi bò ọ́ mọ́lẹ̀. Lórí ẹ̀rọ Nintendo àtijọ́ tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn èèyàn fi gbà pé ìpele 29 ni òpin, nítorí pé ọwọ́ kò lè bá eré rẹ̀ mọ́. Lóṣù Kejìlá ọdún 2023, ọmọ ọdún 13 kan ní Oklahoma ní Amẹ́ríkà gbá a dé ìpele 157. Ẹ̀rọ náà gan-an ló dákú, tí kò lè tẹ̀ síwájú mọ́. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó dé ibẹ̀ lórí ẹ̀rọ náà, lẹ́yìn ọdún tó lé ní 30. Àwa yòókù, ìṣubú ló ń parí tiwa nígbà gbogbo.

Bí èèyàn kò bá lè borí, kí ló wá dùn níbẹ̀? Ìbéèrè yìí ni mo gbé lọ bá màmá mi lálẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n ń ti ẹ̀gbẹ́ aṣọ. Wọ́n dá máṣíìnì dúró. Wọ́n ní, "Ṣé o mọ ọdún tí wọ́n bí ọ?"

Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi, mà, 2008."

Oṣù Karùn-ún ọdún 2008

Gbogbo ará Ìjẹ̀gùn tó ti dàgbà ló mọ ọjọ́ náà. Ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 2008. Katapílà tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀nà ta bá ọ̀pá epo tó wà nínú ilẹ̀, epo tú jáde, iná sì sọ. Ó jó ilé, ó jó ọkọ̀, ó dé tòsí ilé ẹ̀kọ́, àwọn ọmọdé sì wà lára àwọn tó sá kíjokíjo. Ẹgbẹ́ Red Cross sọ nígbà náà pé àwọn tó kú tó 100.

Oyún mi jẹ́ oṣù mẹ́ta nínú màmá mi. Wọ́n wà ní ṣọ́ọ̀bù, aṣọ oníbàárà kan wà lẹ́nu máṣíìnì. Wọ́n ní àwọn gbọ́ ariwo kan bí ààrá, lẹ́yìn náà ni èéfín dúdú bo ojú ọ̀run. Wọ́n kò ti ilẹ̀kùn. Wọ́n sá gba ọ̀nà Ìkòtún pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Ilé ìyá wọn ni wọ́n sùn sí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, tí a bá lè pè é ní oorun. Bí wọ́n bá ti dijú, èéfín ni wọ́n ń rí, wọ́n á sì gbọ́ ariwo àwọn tó ń pe orúkọ ọmọ wọn lójú ọ̀nà. Obìnrin tó ni aṣọ ẹnu máṣíìnì yẹn kò padà wá gbà á. Títí di òní, màmá mi kò mọ̀ bóyá ó kó kúrò ládùúgbò ni, tàbí ohun mìíràn ló ṣẹlẹ̀ sí i.

Ní alẹ́ kejì, àbúrò wọn jí, ó bá wọn níbi tí wọ́n jókòó sí nínú òkùnkùn. Kò mọ ohun tí òun lè sọ. Ó mú Brick Game rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà, ẹ fi ṣeré." Màmá mi kò tíì gbá géèmù rí láyé wọn. Wọ́n gbà á nítorí kí ọmọ náà lè lọ sùn. Àbúrò wọn gbé àtùpà sún mọ́ wọn, ó fi bọ́tìnì hàn wọ́n, ó sì padà sórí ẹní. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó bá wọn tí wọ́n sùn lọ lórí àga, géèmù ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe lóru fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ nìyí: "Nínú iná yẹn, kò sí ohun tí ọwọ́ mi ká. Mi ò lè pa á, mi ò lè gba ẹnì kankan sílẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń bọ̀. Bí ó ṣe ń bọ̀ ni mò ń gbé e síbi tó yẹ ẹ́. Bí ìlà kan bá ti parẹ́, èmi náà á mí."

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Mo ti gbọ́ òwe yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Ọjọ́ yẹn ló tó yé mi.

Ohun tí ìwádìí sọ

Mo fẹ́ mọ̀ bóyá màmá mi nìkan ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Mo rí i kà pé lọ́dún 2000, Robert Stickgold àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn èèyàn gbá Tetris fún wákàtí mélòó kan lójoojúmọ́. Nígbà tí oorun bá ń gbé wọn lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń rí bíríkì tó ń jábọ́. Kódà àwọn tí àrùn ti ba ọpọlọ wọn jẹ́, tí wọn kò lè rántí pé àwọn gbá géèmù kankan, rí bíríkì náà. Èyí fi hàn pé géèmù yìí ń wọ ibi tí ọpọlọ ń pa àwòrán mọ́ sí.

Lọ́dún 2009, Emily Holmes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oxford fi ìwádìí hàn pé bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wo fíìmù tó bani lẹ́rù bá gbá Tetris láìpẹ́ sí i, àwòrán fíìmù náà kì í fi bẹ́ẹ̀ padà wá dà á láàmú. Lọ́dún 2017, wọ́n gbé irú ìwádìí náà jáde lórí èèyàn 71 tí ìjàm̀bá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀ sí, tí wọ́n gbé wá sílé ìwòsàn. Àwọn tó gbá Tetris láàárín wákàtí mẹ́fà sí ìjàm̀bá náà kò rí àwòrán rẹ̀ lọ́kàn lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tó àwọn tí kò gbá a. Àlàyé wọn ni pé àyè tí ojú inú wa ní kò pọ̀. Bí bíríkì bá gba àyè náà, ohun burúkú yẹn kò ní rí ibi jókòó sí dáadáa.

N kò sọ pé géèmù ni oògùn. Kò sí oníwádìí tó wọn ti màmá mi wò. Alẹ́ kejì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe láàárín wákàtí mẹ́fà. Ìyá wọn wà lọ́dọ̀ wọn, àwọn ará àdúgbò ń wá kí wọn, àdúrà wà, ọjọ́ sì ń gorí ọjọ́. Gbogbo rẹ̀ ló ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n akọ̀tàn gbọ́dọ̀ gba ẹ̀rí ẹni tó wà níbẹ̀, màmá mi sì wà níbẹ̀.

Ìparí

Mo bẹ̀rẹ̀ àròkọ yìí pẹ̀lú ìbéèrè pé kí ló wà nínú bíríkì tó ń jábọ́. Ìdáhùn mi ni pé ìṣòro ayé kì í wá lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í sì í dọ́gba. Nínú géèmù yìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń bọ̀, mẹ́rin mẹ́rin ni, ọwọ́ kékeré sì lè gbé e síbi tó yẹ. Ohun tí a bá tò dáadáa á kúrò lọ́nà. Kò gba èdè, kò gba owó púpọ̀, kò gba iná mànàmáná. Ìdí nìyí tí ó fi bá òṣìṣẹ́ Moscow mu, tí ó bá arìnrìn-àjò òfuurufú mu, tí ó sì bá aláboyún kan mu ní Ìkòtún lálẹ́ ọjọ́ kejì iná.

Ní Ìjẹ̀gùn lónìí, ilé tuntun ń gòkè lójoojúmọ́. Kò sí òpópónà tí èèyàn kò ti ní rí bíríkìlà tó ń to búlọ́ọ̀kù. Ọmọ tó bá ń kọjá lè má mọ̀ pé iná jó níbí rí. Mo rọ ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹlẹgbẹ́ mi pé kí ẹ bi àwọn òbí yín nípa ohun tí wọn kì í jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kàn. Ẹ̀yin òbí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ọ́ fún wa. A kì í fi ohun tí a bá mọ ìtàn rẹ̀ ṣeré mọ́.

Lẹ́yìn tí mo kọ àròkọ yìí tán, mo kà á fún màmá mi. Wọ́n gbọ́ ọ dé òpin, wọn kò sọ nǹkan kan. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ra bátìrì tuntun bọ̀ láti ọjà. Èmi àti wọ́n gbá géèmù náà lálẹ́ yẹn, fún ìgbà àkọ́kọ́. Bí ọwọ́ wọn ṣe yá tó yà mí lẹ́nu, ìlà tí wọ́n pa rẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta tèmi. Nígbà tó di agogo mẹ́jọ, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n fi rọ́bà de ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì dá a padà sínú àpótí máṣíìnì.

Wọ́n ní, "Ó tó. Lọ kàwé rẹ."